Orí ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń gùn

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, gbogbo ọmọ Kétu tó pésẹ̀, ẹ kú ìjókòó.

Wọ́n ní kí n sọ bí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Òyìnbó ṣe ń tún ara wọn ṣe. Ibi tó ń dùn mí jù ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ débẹ̀, ẹ ó sábà bá ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n nà ró sórí irin, tó kọjú sí yín gan-an, tí wọ́n kọ "masque" sí abẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń bojú ni masque. Ṣé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń bojú ni? Aṣọ ló ń bojú, inú aṣọ yẹn náà ni oníjó ti ń ríran. Orí ni igi ń gùn bíi fìlà, ó sì máa ń dagun. Èjì èjì ni wọ́n sábà ń jáde: èkejì rẹ̀ dà? Ṣaworo ẹsẹ̀ dà? Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń tìtorí wọn jó ńkọ́? Ojú tó bá rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran, ṣùgbọ́n ẹni tó rí igi lórí irin kò tíì rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà fún àwọn tó ń pariwo pé orúkọ tuntun ti tó àtúnṣe. Völkerkunde, ìmọ̀ nípa àwọn ẹ̀yà, ni wọ́n ń pe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Vienna, Munich àti Hamburg tẹ́lẹ̀. Ti Vienna di Weltmuseum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé, ní 2013, ti Munich di Museum Fünf Kontinente, ti kọ́ńtínẹ́ǹtì márùn-ún, ní 2014, ti Hamburg di MARKK, ìkékúrú orúkọ rẹ̀ tuntun, ní 2018. Ẹ ka ìwé pélébé abẹ́ ère kí ẹ tó pàtẹ́wọ́. Ó yẹ kó sọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, agbo ilé tó ni ín, bí wọ́n ṣe ń gbé e jó, àti bó ṣe kúrò nílé: wọ́n rà á ni, wọ́n fi tọrẹ ni, àbí ológun ló kó o. Bí orúkọ agbẹ́gilére kò bá sí, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "A kò béèrè orúkọ rẹ̀."

Àsìkò ti lọ. Ẹ ti mọ̀ nípa nǹkan ààfin Àgbómẹ̀ 26 tí ọmọ ogun Dodds, ọ̀gágun Faransé, kó ní 1892, tó padà dé láti Faransé ní 2021. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Pitt Rivers ní Oxford náà kó orí òkú kúrò nínú gíláàsì ní 2020.

Ìyá kan nawọ́ láàárín èrò: "Bí wọ́n bá dá tiwa padà, ṣé àwọn ọmọ wa á lè gbé e jó?"

Ìyá, ìbéèrè yín ṣe pàtàkì ju ohun tó kù nínú ìwé mi lọ. Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e sórí. Nítorí kòkòrò, wọ́n máa ń fi arsenic àti mercury pa ère lára láyé àtijọ́, nígbà tó yá, DDT, oògùn apakòkòrò. Májèlé ni wọ́n, wọ́n sì lè wà lára igi àti aṣọ títí dòní láì hàn sójú. Oníjó á làágùn, òógùn á sì gbé e wọ awọ orí. Ẹ̀rọ XRF alágbèéká, tó ń fi ìtànṣán X-ray yẹ nǹkan wò, ń rí arsenic àti mercury láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. DDT kò hàn sí i. Láti rí DDT, òwú ni wọ́n fi ń nu ère, kí wọ́n tó gbé òwú náà lọ sí ilé àyẹ̀wò. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ béèrè ìwé ìtọ́jú ère: oògùn wo, ọdún wo? Bó bá ní májèlé, kó wà nínú gíláàsì, kí agbẹ́gilére yín wò ó gbẹ́ òmíràn fún ijó.

Ẹ má jẹ́ kí oògùn kòkòrò kan ère tuntun yẹn o. Bí kòkòrò bá wọ̀ ọ́, ẹ fi ọ̀rá dì í, ẹ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kó wà nínú fìrísà ní -20°C fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá jáde, ẹ má tú ọ̀rá náà títí di ọjọ́ kejì, kí omi lè sẹ̀ sára ọ̀rá, kó má sẹ̀ sára ọ̀dà. Bí iná bá lọ láàárín, tí ère yọ́, ẹ tún ọjọ́ kà láti ìbẹ̀rẹ̀.