Ẹni tó kọ́kọ́ délé: bí ìwé ìròyìn ìgbèríko ṣe gbé ìròyìn ọ̀tẹ̀ ọkọ̀ Bounty

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn ìwé ìròyìn ìgbèríko láyé àtijọ́ ṣe ń gbé ìròyìn tó ti orí òkun jíjìn wá. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, nítorí náà ọkọ̀ kan ṣoṣo ni mo máa tẹ̀ lé: Bounty, ọkọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn kan nínú atukọ̀ rẹ̀ dìtẹ̀ gbà. Ìwé ìròyìn tí mo sì máa tẹjú mọ́ jù ni Cumberland Pacquet, tí John Ware dá sílẹ̀ ní ọdún 1774 ní Whitehaven, ìlú èbúté kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé nínú ìròyìn òkun, ẹni tó bá kọ́kọ́ délé ló ni ìtàn, títí dìgbà tí ẹlòmíì yóò fi dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí. Ojú ìwé mẹ́rin ni ìwé ìròyìn ìgbèríko sábà máa ń ní, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló sì ń jáde. Atẹ̀wé fúnra rẹ̀ ló sábà ń ṣe olóòtú, òun náà ló ń ta ìwé àti oògùn nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Kò ní ẹnikẹ́ni lójú òkun. Bí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó ń kó lẹ́tà bá ti já àwọn ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀, yóò yan èyí tó wù ú nínú wọn, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yóò sì tún un tò ní lẹ́tà òjé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í tọrọ àṣẹ, nítorí gbogbo wọn ló ń da ọ̀rọ̀ ara wọn kọ. Ìjọba tún ń gba owó òǹtẹ̀ lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ní 1789 wọ́n sì gbé e dé pẹ́nì méjì. Bébà di ọ̀wọ́n, àyè ò sì tó nǹkan. Ohun tó jẹ́ ti atẹ̀wé ìgbèríko gan-an ni ohun tó bá gbọ́ ní èbúté lẹ́nu àwọn atukọ̀, àti lẹ́tà tí ẹbí kan bá mú wá fún un. Ẹ fi lẹ́tà ẹbí yẹn sọ́kàn.

Ní oṣù Kejìlá 1787, William Bligh, ọ̀gákọ̀ Bounty, wa ọkọ̀ náà jáde láti lọ kó irúgbìn igi tí ará Ifẹ̀ ń pè ní gbẹ̀rẹ̀fútù ní Tahiti, erékùṣù kan ní òkun Pàsífíìkì, kí wọ́n lè gbìn ín sí àwọn erékùṣù Kàríbíánì. Oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú fún àwọn ẹrú, tó jẹ́ pé ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kó àwọn tàbí àwọn òbí wọn, ni gbogbo ìrìn àjò náà dá lé. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ẹni tó bá ń gbọ́ ìtàn Bounty lónìí kì í sábà gbọ́ ti ẹrú nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 1789, nítòsí erékùṣù Tofua ní Tonga, Fletcher Christian, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá tó wà lábẹ́ Bligh, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọkọ̀ náà. Wọ́n kó Bligh àti ènìyàn 18 sínú ọkọ̀ kékeré tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 23. Wọ́n pa ọ̀kan nínú wọn ní Tofua. Àwọn tó kù rin máìlì orí omi tó lé ní 3,600 kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Kupang ní Timor ní oṣù Kẹfà. Ó di ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 1790 kí Bligh tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó pé oṣù mọ́kànlá tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí ìwé ìròyìn kankan níbẹ̀ tó gbọ́. Lásìkò tí àwọn ará ìgbèríko ń ka ìròyìn náà bí ọ̀tun, Christian ti wà ní Pitcairn, erékùṣù àdádó kan ní Pàsífíìkì, wọ́n sì ti dáná sun ọkọ̀ náà láti oṣù Kìíní.

Ta ló wá ń ròyìn? Bligh ni. Ó ní ìgbádùn Tahiti àti àwọn obìnrin ibẹ̀ ló fa àwọn atukọ̀ náà lọ́kàn. Ohun tí Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀ ni ìgbèríko dà kọ. Àwọn àgbà wa ní àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ṣùgbọ́n níbo ni atẹ̀wé yóò ti rí ẹnì kejì? Àárín òkun Pàsífíìkì ni ẹnì kejì wà.

Àwọn kan lára àwọn tó kù sínú Bounty dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹfà 1792. Ọkọ̀ ogun Pandora ti mú ènìyàn 14 ní Tahiti, ó wá fọ́ mọ́ àpáta abẹ́ omi nítòsí Ọsirélíà, mẹ́rin nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà sì bómi lọ. Mẹ́wàá ló jẹ́jọ́ níwájú àwọn ọ̀gágun ojú omi ní oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n dá mẹ́rin sílẹ̀, wọ́n sì yẹgi fún mẹ́ta lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹwàá. Bligh kò sí nílé ní gbogbo àsìkò yìí. Ó ti padà lọ kó gbẹ̀rẹ̀fútù lẹ́ẹ̀kejì.

Ibí yìí ni Cumberland Pacquet ti wọlé. Nítòsí Cockermouth, ní agbègbè kan náà pẹ̀lú Whitehaven, ni wọ́n ti bí Fletcher Christian ní 1764. Fún àwọn tó ń ka Pacquet, ọmọ ẹni tí wọ́n mọ̀ ni, kì í ṣe orúkọ inú ìwé lásán. Peter Heywood, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn mẹ́wàá yẹn tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún kí ọba tó forí jì í, kọ lẹ́tà sí Edward Christian, ẹ̀gbọ́n Fletcher tó jẹ́ amòfin, pé àbúrò rẹ̀ kì í ṣe ènìyànkénìyàn tí wọ́n ń pè é. Ní oṣù Kọkànlá 1792, Pacquet tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì sọ fún àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé nítorí ọlá agbègbè wọn, inú òun dùn láti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ wọn kì í ṣe ẹ̀dá burúkú tí ayé ti ń pè é.

Ẹ̀gbọ́n tó ń gbèjà àbúrò ni Edward, a ò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn pamọ́. Ìwé ìròyìn náà kò sì fi pamọ́ pé ti ọmọ ilé lòun ń ṣe. Síbẹ̀, mo gbà pé iṣẹ́ ńlá ló ṣe. Ìsúnmọ́ ẹbí ló jẹ́ kí apá kejì ìtàn rí ibi gbà jáde.

Dídà kọ ò sì dáwọ́ dúró. Ní 1796, ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní lẹ́tà Fletcher Christian fúnra rẹ̀. Weekly Entertainer, tó ń jáde ní Sherborne ní gúúsù, tẹ apá kan nínú rẹ̀. William Wordsworth, akéwì tí wọ́n bí ní Cockermouth, kọ̀wé sí wọn pé òun gbọ́ láti ẹnu ẹni tó dájú pé irọ́ ni. Òótọ́ ló sọ: Christian ti kú ní Pitcairn ní nǹkan bí 1793. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1808 ni Mayhew Folger, ọ̀gákọ̀ ará Amẹ́ríkà, tó já lu erékùṣù náà.

Títí di ibí yìí, òyìnbó ló ń sọ, òyìnbó ló ń fèsì. Àwọn obìnrin Tahiti tí Bligh di ẹ̀bi rù ń kọ́? Ọ̀kan nínú wọn, Teehuteatuaonoa, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Jenny, bá àwọn ọlọ́tẹ̀ náà dé Pitcairn, ó sì kúrò níbẹ̀ ní 1817. Ìwé ìròyìn ìlú amúnisìn kan ní Ọsirélíà, Sydney Gazette, ló tẹ ìtàn tirẹ̀ jáde ní oṣù Keje 1819. Ó sọ bí wọ́n ṣe dáná sun ọkọ̀, bí àwọn ọkùnrin tí wọ́n kó wá láti àwọn erékùṣù ṣe dìde sí àwọn òyìnbó náà, àti bí ẹ̀mí ṣe ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀tẹ̀ náà ti pé ọgbọ̀n ọdún nígbà yẹn, Bligh sì ti kú ní oṣù Kejìlá 1817, kò lè fèsì mọ́.