Ìpara Apakòkòrò fún Irorẹ́: Ẹ Má Ṣe Dá A Lò

Ẹ kú ìjókòó o. Irorẹ́ tí a fẹ́ sọ lónìí ni èyí tí kò tíì le jù: èyí tó pọ́n róró, tí òmíràn kó ọyún sórí, àmọ́ tí kò tíì di kókó líle tó ń ro ni wọra.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ẹ̀bi kúrò lọ́rùn àwọn ọmọ wa: irorẹ́ kì í ṣe àmì ọ̀bùn. Ọ̀rá tí awọ ara ń pèsè ló há sínú ihò irun nígbà tí awọ tó ti kú dí i lẹ́nu. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Cutibacterium acnes, tó ń gbé lára gbogbo wa, á wá rí ibi pọ̀ sí níbẹ̀, ojú á wú, á sì pọ́n. Ẹni tó ń ha ojú kíkankíkan ń dá kún ọgbẹ́ ni.

Ìpara apakòkòrò (antibiotic), bíi clindamycin tàbí erythromycin, máa ń dín kòkòrò yìí kù, ó sì máa ń jẹ́ kí wíwú náà rọlẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣí ihò tó dí. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé bí a bá ń dá a lò, oògùn náà á mọ́ kòkòrò lára, kò sì ní ràn wọ́n mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí erythromycin ní ọ̀pọ̀ ibi nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà awọ ara fi ń ní ká fi benzoyl peroxide, oògùn ìpara mìíràn tó ń pa kòkòrò lọ́nà tirẹ̀, kún un, nítorí kì í mọ́ kòkòrò lára bẹ́ẹ̀. Ẹ sì má ṣe lo apakòkòrò náà ju bí ọ̀sẹ̀ 12 lọ.

Báwo la ṣe ń pa ìpara náà? Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le fọ ojú, ẹ rọra fi aṣọ tẹ omi rẹ̀ gbẹ. Ẹ fún ìpara tó tó èékánná ìka kékeré sórí ìka. Ẹ tò ó díẹ̀díẹ̀ síwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n, kí ẹ tó fi pa gbogbo ibi tí irorẹ́ máa ń yọ sí, kì í ṣe orí kókó nìkan. Èyí tó ń bọ̀ lọ́la ti wà lábẹ́ awọ. Benzoyl peroxide máa ń ṣí àwọ̀ aṣọ, nítorí náà aṣọ ìrọ̀rí funfun ló yẹ kẹ́ ẹ lò. Bí ojú bá ń ta yín, ẹ máa fo ọjọ́ kan kẹ́ ẹ tó tún pa á.

Ọ̀pọ̀ ń jù ú nù lọ́sẹ̀ kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí ìyàtọ̀ tó hàn dáadáa. Àmì dúdú tí irorẹ́ fi sílẹ̀ tún ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó parẹ́. Ẹ má sì fi ìpara tó ní sítẹ́rọ́ìdì (oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀) bo àmì náà. Irorẹ́ mìíràn ló ń bí.

Ẹnìkan béèrè pé, kí ló kàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12? A ó pa apakòkòrò tì, a ó máa bá benzoyl peroxide tàbí adapalene, ìpara tó ń ṣí ihò, lọ, kí ihò má bàa tún dí. Aláboyún ò gbọdọ̀ lo adapalene. Bí ẹni tó ń lo clindamycin bá sì ń ṣu gbuuru tí kò dá, kó dáwọ́ rẹ̀ dúró, kó lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà.