Ẹ̀tọ́ Ni, Kì í Ṣe Sàráà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ará ìlú. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí: ìgbáyégbádùn ará ìlú, ìlànà ìjọba lórí rẹ̀, àti mímọ ara ẹni. N ó pẹ́ lórí ti àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ ni ìjà wà.

Kí èèyàn rí jẹ, kó rí ibi sùn, kó rí ìtọ́jú bó bá ń ṣàìsàn, kọ́mọ rẹ̀ kàwé, kí ọjọ́ ogbó má di ìyà: ìgbáyégbádùn nìyẹn. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń sọ èèyàn dà. Ẹ bá mi bi wọ́n léèrè ẹni tó sanwó ilé ìwé wọn. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kìíní 1955, iye ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ròkè láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tó lé ní 811,000 láàárín ọdún kan. Owó kòkó àti owó orí ló gbé e ró, owó orí tó bí àwọn èèyàn nínú débi pé Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group), ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, fìdí rẹmi nílé ara rẹ̀ nínú ìbò àpapọ̀ 1954. Lára àwọn ọmọ ìgbà náà ló di dókítà, adájọ́ àti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ta ló pe ìyẹn ní sàráà?

Àmọ́ ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń pín owó fún arúgbó lónìí. Wọ́n á tò wọ́n sínú oòrùn láti òwúrọ̀, wọ́n á ní kí ìyá gbé owó náà sókè kí ayàwòrán lè yà á dáadáa, ìyá á sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó lè bí. Owó ìlú ni o! Láti ìgbà èwe ni ìyá yìí ti ń san owó ọjà.

Ti ìlànà, kíákíá: òun ló ń sọ ẹni tó tọ́ sí, iye tó tọ́ sí i, àti ibi tí owó ti ń wá, kó má bàa di ojú àánú ẹnì kan. Òfin owó ìfẹ̀yìntì 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ dá 10% owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ dá 8%. Ó dára. Aláta ńkọ́? Fọkanáísà ńkọ́? Ètò kan wà fún wọn láti 2019, ṣùgbọ́n àwọn nìkan ló ń dá a. Kò sẹ́ni tó ń bá wọn fi kún un.

Ibẹ̀ ni mo dé tí ọmọkùnrin kan nawọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣebí bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu? Kí ló kan ìjọba?"

Mo pa ìwé mi dé, torí ọ̀rọ̀ mímọ ara ẹni gan-an ló dá sílẹ̀ yẹn.

Níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn arúgbó tí yóò gba owó ìrànlọ́wọ́, akọ̀wé kan jókòó síwájú ìyá arúgbó kan lójú mi. Ó ní, "Ìyá, ọmọ mélòó lẹ bí?" Ìyá ní mẹ́rin. Akọ̀wé fa ìlà gba orí orúkọ ìyá náà, ó pe ẹni tó kàn. Kò bèèrè mélòó ló kù láàyè, kò bèèrè èyí tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ń fowó ránṣẹ́ sí ìyá òun lóṣooṣù. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé rí. Òwe òkété ti wà lọ́kàn rẹ̀ kó tó mú bírò. Ẹ mọ ohun tí ilé yín, ìjọ tàbí mọ́sálásí yín, àti ìyà tó ti jẹ yín rí ti fi sí yín nínú, kó má bàa jẹ́ òun ni yóò máa dájọ́ fún ẹlòmíì.

Mo wá bi ọmọkùnrin tó nawọ́ náà pé: òkété tí ọmọ rẹ̀ kò lọ́mú ńkọ́? Ọmọ tó jáde ilé ìwé tí kò ríṣẹ́, kí ni ìyá fẹ́ mu lára rẹ̀? Èkìtì kò dúró de ọmọ ẹnì kankan nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦5,000 lóṣooṣù fún àwọn arúgbó aláìní tó ti pé ọdún 65 ní 2011.

Àkókò ti lọ. Kí ẹ tó wọ ìlú lọ bá àwọn aláìní lóṣù tó ń bọ̀, ẹ kọ èyí sílẹ̀: irú èèyàn wo lọkàn mi ti kọ̀ láti ràn lọ́wọ́ kí n tó gbọ́ tẹnu rẹ̀? Ẹ mú un wá fún mi. Kò pọn dandan kí orúkọ yín wà lórí rẹ̀.