Ọ̀rọ̀ Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá fún Ẹni Tó Ń Mutí: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìlera ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin oníkẹ́mísìtì, ọmọ Ajílété gbogbo, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ ẹni tí oògùn olóró ti sọ di wèrè kọ́ ni mo bá wá. Ọlọ́kadà Tákíè tó ń gbé paraga mẹ́ta kí ọ̀sán tó pọ́n, tó ní agbo jẹ̀dí lòun ń mu, òun lọ̀rọ̀ mi kàn.

Irú wọn kì í wá bá wa nítorí ọtí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń gbé wọn wá, tàbí kí wọ́n fara pa. Ẹnu ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́dún 1977, Griffith Edwards àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n pín 100 ọkùnrin tó ti gbéyàwó, tí ọtí ti di ìṣòro fún, sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún àwọn kan ní ìtọ́jú kíkún fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn yòókù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n pe tọkọtaya jókòó, tí wọ́n gbà wọ́n nímọ̀ràn. Nígbà tí ọdún yípo, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn. Ẹ̀yìn èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìbéèrè 10 nípa ọtí mímu tí a ń pè ní AUDIT: ẹni tó bá gba máàkì 8 sókè, ó yẹ ká bá a sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n báwo la ó ṣe sọ ọ́? William R. Miller, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, rí i nínú ìwádìí tirẹ̀ pé bí olùdámọ̀ràn bá ṣe ń gbéjà ko aláìsàn tó, bẹ́ẹ̀ lonítọ̀hún ṣe ń mutí tó lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ wo ọ̀nà tirẹ̀:

“Ẹ̀gbọ́n, láti òdo dé mẹ́wàá, báwo ló ṣe wù yín tó láti dín ọtí yìí kù?”

“Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ ká fi sí mẹ́rin.”

Ọ̀pọ̀ wa á pariwo pé, “Mẹ́rin péré? Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?” Ọ̀rọ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ bi í pé: “Kí ló dé tí ẹ ò fi sọ pé oókan?” Bó bá máa dáhùn, ìdí tó fi yẹ kó dín in kù ni yóò máa kà sílẹ̀: owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, ọ̀kadà tó fẹ́ gbé e ṣubú lóru. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́. Ẹ̀yin ẹ dákẹ́. (Mo mọ̀ pé ó nira. Nílẹ̀ wa níbí, àgbà kì í rí ọmọ tó ń ṣìnà kó pa ẹnu mọ́.)

Mi ò ní tàn yín o. Ti igbó, tramadol àti kodéìnì kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ńlá méjì tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2014 fi hàn pé ọ̀rọ̀ ṣókí nìkan kò dín lílo oògùn olóró kù láàárín àwọn tó wá sí kílíníìkì. Bẹ́ẹ̀, ìwádìí 2018 ka àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lo irú nǹkan wọ̀nyí láàárín ọdún kan sí mílíọ̀nù 14.3. Ìtọ́jú tó gùn ni ọ̀pọ̀ wọn nílò.

Oníkẹ́mísìtì kan bi mí nípa ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ títí yóò fi mutí. Ẹ má ní kó jáwọ́ lójijì, torí gìrì lè mú un, ó sì lè pa á. Ilé ìwòsàn ńlá ni kó lọ lọ́jọ́ náà, kí ẹnì kan sì sìn ín dé ibẹ̀.