Ọmọdé Tí Ànọ́bì Dá Padà Lójú Ogun

Àsàlámù àlékùm, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, pàápàá ẹ̀yin tí a jọ ń gbé Kubwa, Nyanya, Lugbe àti gbogbo Àbújá. Ọ̀rọ̀ àwọn òbí tó ń kó ọmọ lọ bá àwọn agbésùnmọ̀mí lókè òkun ni mo gbé wá ní Jímọ̀ òní.

Ọmọ ọdún 14 ni Abdullahi ọmọ Umar, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà Ànọ́bì, nígbà ogun Uhud. Wọ́n mú un wá síwájú Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), Ànọ́bì ò gbà kó jagun. Ìgbà tó pé 15, ní ogun Kòtò, ló tó gbà fún un. Abdullahi fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́; ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari àti ti Muslim. Nígbà tí Kàlífà Umar ọmọ Abdul-Azeez gbọ́ hádíìsì yìí, ó ní ààlà àárín ọmọdé àti àgbà nìyẹn.

Ẹ má sì gbàgbé bí nǹkan ṣe le tó lọ́jọ́ Uhud. Àwọn ọ̀tá tó 3,000, wọ́n ti dé ẹ̀yìn Mẹ̀dínà. Àwọn mùnáfíkì ti pẹ̀yìn dà, ó ku bí 700 Mùsùlùmí. Wọ́n ń wá èèyàn lójú méjèèjì, síbẹ̀ ọmọdé padà sílé.

Ìwọ bàbá wá mú ọmọ ọdún méje gba Tọ́kì wọ Síríà, o ní híjírà ni! Ọmọ tó rò pé ọlidé lẹ ń lọ lò. Ta ló bi í bóyá ó fẹ́ lọ?

Láti ìgbà tí àwọn ISIS, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí tó wà ní Síríà àti Ìráàkì, ti kéde ìjọba wọn lọ́dún 2014 ni àwọn kan ti ń ta dúkìá wọn tẹ̀lé wọn. Wọ́n kọ́ ọmọdé ní ìbọn yínyìn. Nígbà tí Baghouz, ibi tó kù sí wọn lọ́wọ́ ní Síríà, bọ́ lọ́wọ́ wọn ní oṣù kẹta ọdún 2019, èrò inú àgọ́ al-Hol tí wọ́n kó àwọn èèyàn ibẹ̀ sí lé ní 70,000, obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù. Shamima Begum, tó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ bá wọn lọ́mọ ọdún 15, bí ọmọ mẹ́ta sọ́hùn-ún. Ìkankan ò yè.

Ṣé àwọn ara wa nìwọ̀nyí? Ní Jímọ̀ ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2014, bọ́ǹbù dún ní mọ́ṣáláṣí ńlá Kánò. Àwọn olùkírun ló pa. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Boko Haram, tí wọ́n fura sí pé ó ṣe é, jẹ́jẹ̀ẹ́ ìtẹríba fún ISIS.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ la ojú yín. Tí baálé ilé bá sọ pé kèfèrí ni Lémọ́mù wa, tí iṣẹ́ tó ń bọ́ yín di háráámù lójijì, tó ń gbọ́ wáàsí ẹni tí kò lórúkọ lórí fóònù lóru, ẹ fura. Tó bá wá lọ gba ìwé ìrìnnà fún àwọn ọmọ, tó ní kí ìyá òun má gbọ́, ó tán. Yorùbá wo ló ń kó ọmọ rìnrìn àjò tí ò ní kí ìyá rẹ̀ ṣàdúà sí i?

Ànọ́bì ní kò sí títẹ̀lé ẹ̀dá níbi ṣíṣẹ Ẹlẹ́dàá. Kó ìwé ìrìnnà wọ̀nyẹn pamọ́, pe bàbá ọkọ rẹ, pe Lémọ́mù, kí ó tó di pé ẹ dé pápákọ̀ òfurufú. Tó bá bínú, kó bínú. Ìjà yẹn, Kubwa níbí la ti máa parí ẹ̀.