Sikọ́láṣíìpù Kọ́lẹ́ẹ̀jì: Ohun Tí Òbí Fi Pamọ́ Ló Ń Di Ọmọ Lọ́wọ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú àfaradà. Mo mọ̀ pé ọjọ́ Sátidé kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa pè yín wá jókòó. Ọ̀pọ̀ yín ti mú bírò dání kí n lè ka orúkọ sikọ́láṣíìpù fún yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì máa lọ. Màá dárúkọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, orúkọ kọ́ ló wọ́n wa ní Maryland níbí. Ohun tó ń fa ọmọ wa sẹ́yìn ni pé bàbá àti ìyá kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ iye tó ń wọlé fún wọn, títí kan ọmọ tí wọ́n bí.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí owó gan-an wà.

Kò sí nínú àwọn ìdíje orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi ẹgbẹ̀rún dọ́là kan fa ojú ọmọ mọ́ra. Ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ọwọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù wà. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń wọ ibẹ̀ ni FAFSA. Ọ̀fẹ́ ni. Inú oṣù Kẹwàá, nígbà tí ọmọ bá wà ní kíláàsì kejìlá, ni wọ́n sábà máa ń ṣí i. Òun ni wọ́n fi ń ṣírò Pell Grant, owó ìjọba àpapọ̀ tí a kì í dá padà. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025–26, èyí tó ga jù nínú rẹ̀ jẹ́ dọ́là 7,395.

Fọ́ọ̀mù yìí kò lè dá rìn láìsí òbí. Òbí gbọ́dọ̀ ṣí àkántì tirẹ̀ lórí StudentAid.gov, ìkànnì ìjọba àpapọ̀, kó gbà pé kí IRS, àwọn tó ń gba owó orí, fi àkọsílẹ̀ owó orí òun ránṣẹ́. Bó bá kọ̀, ọmọ kò ní rí Pell Grant gbà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ á ní, "Dádì, wọ́n ní kẹ́ ẹ wá fọwọ́ sí i." Dádì á ní òun ń bọ̀. Wọ́n á tún rán an létí, á ní ṣé kò rí i pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé ni. Kérésìmesì dé, kò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ jọ̀wọ́, àkántì yín yàtọ̀ sí ti ọmọ. Iye tó wà nínú ìwé owó orí yín kò ní hàn sí i. Bó bá tiẹ̀ hàn sí i ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó fẹ́ lọ jẹ gbèsè lórúkọ ara rẹ̀, ó tó ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ owó.

Orúkọ pẹ̀lú máa ń dá fọ́ọ̀mù dúró. Tolú ni wọ́n ń pè é níléèwé, Tolúwalàṣẹ ló wà lórí káàdì Social Security, fọ́ọ̀mù sì gba ìkejì. Bó ṣe wà lórí káàdì yẹn ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Àwọn kan á ní owó àwọn ti pọ̀ jù, kí làwọn fẹ́ fi fọ́ọ̀mù ṣe? Ẹ ṣírò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀. Òfin mú kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì máa gbé net price calculator sórí ìkànnì wọn. Ẹ tẹ iye tó ń wọlé fún yín síbẹ̀, á fojú bu iye tí ẹ máa san gan-an. Harvard, Yale àti Princeton kì í fúnni lówó nítorí pé ọmọ mọ̀wé tàbí mọ bọ́ọ̀lù gbá. Bí agbára ilé ṣe tó ni wọ́n ń wò. Nítorí náà, iléèwé tí iye rẹ̀ ń bani lẹ́rù lè wá rọrùn ju èyí tó wà nítòsí ilé yín lọ.

Owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé ńkọ́? FAFSA kò ka màmá tó wà ní Ìjẹ̀bú mọ́ ará ilé yín, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń bọ́ wọn. Ṣùgbọ́n CSS Profile, fọ́ọ̀mù owó mìíràn tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ń béèrè, ní àyè tí ẹ ti lè ṣàlàyé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ yín tàbí àìsàn gbówó lọ lẹ́yìn tí ẹ ti sanwó orí, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì owó ìrànwọ́, kẹ́ ẹ so ẹ̀rí mọ́ ọn. Wọ́n láṣẹ láti tún ìṣirò náà ṣe. Ẹ má bẹ̀bẹ̀ nínú lẹ́tà náà. Iye owó àti déètì ni kẹ́ ẹ kọ.

Ti Maryland wa níbí, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn fún owó ìpínlẹ̀. Àwọn sẹ́nétọ̀ àti aṣojú ìpínlẹ̀ tó ń jókòó ní Annapolis sì ní sikọ́láṣíìpù tí wọ́n ń pín fún ọmọ àdúgbò wọn. Ẹ lọ wo ẹni tó ń ṣojú àdúgbò yín, kẹ́ ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń gba tirẹ̀. Àwa tí a mọ ọ̀nà ilé olóṣèlú dáadáa ní Nàìjíríà, èwo wá ni ìtìjú níbí? Ẹni tó ń fojú sun yunifásítì ìpínlẹ̀ ní College Park, kó ti fi fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, torí ìyẹn ni wọ́n fi ń yan àwọn tó máa gba sikọ́láṣíìpù Banneker/Key. Ọmọ tó fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì, kó wo sikọ́láṣíìpù Meyerhoff ní UMBC, yunifásítì ìpínlẹ̀ tó wà ní Baltimore County, tí Robert Meyerhoff àti Freeman Hrabowski dá sílẹ̀ ní 1988. Ilé tí kò fi bẹ́ẹ̀ lówó, ẹ wo QuestBridge, ètò tó ń so irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó mọ̀wé pọ̀ mọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìparí oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n sábà máa ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, ìyẹn kí FAFSA tiẹ̀ tó ṣí.

Ẹ̀yin ọmọ, ó kàn yín. Lórí Common App, fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń gbà, àyè mẹ́wàá ló wà fún ohun tí ẹ ń ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ọmọ wa á kọ bọ́ọ̀lù, á kọ ẹgbẹ́ akọrin, á fi ìyókù sílẹ̀ lófìfo. Òun náà rèé tó ń gbé àbúrò méjì délé láti iléèwé, tó ń dáná, tó ń ka lẹ́tà dókítà fún ìyá àgbà, tó sì ń di irun ní ṣọ́ọ̀bù Mọ́mì ní Sátidé. Ó ní ṣebí iṣẹ́ ilé lásán ni. Wọ́n ní ìsọ̀rí tí wọ́n dìídì yà sọ́tọ̀ fún un, Family Responsibilities. Kọ ọ́ síbẹ̀, kí o sọ wákàtí tí o fi ń ṣe é lọ́sẹ̀. Bí o bá sì fẹ́ kọ àròkọ, ìyá àgbà àti lẹ́tà dókítà yẹn ni kí o kọ. Má kọ pé àwọn òbí rẹ kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà. Tàwọn ẹgbẹ̀rún ló ti wà níwájú ẹni tó ń kà á.

Tíṣà tó máa kọ lẹ́tà fún ẹ, ìparí kíláàsì kọkànlá ni kí o ti bá a sọ̀rọ̀. A ti kọ́ yín pé kẹ́ ẹ má wo àgbà lójú, ó dáa nílé. Níléèwé, tíṣà tí kò gbọ́ ohùn rẹ rí kò ní nǹkan tó máa kọ.

Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó gba sikọ́láṣíìpù, gbájúẹ̀ ni, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì kan náà lẹ jọ ń lọ.

Ìyá kan bi mí nípa ìwé ìgbélùú. Ọmọ tó ní green card lè gba owó FAFSA. Ọmọ tó wà lórí físà H-4, èyí tí wọ́n ń fún ọmọ ẹni tó wá ṣiṣẹ́, kò lè gba ti ìjọba àpapọ̀. Àmọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní owó tirẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan wọn ló sì lófin tirẹ̀. Ẹ pè wọ́n.

Bí lẹ́tà owó bá wá dé, ẹ fara balẹ̀ kà á. Wọ́n á to grant, sikọ́láṣíìpù àti loan sójú kan, wọ́n á sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ bíi pé ẹ̀bùn ni. Ẹ yọ loan, owó tí ẹ máa dá padà, kúrò. Ẹ yọ iṣẹ́ tí ọmọ máa ṣe lórí pápá iléèwé kúrò pẹ̀lú, torí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe é kí wọ́n tó san án fún un. Iye tó bá ṣẹ́ kù ni kẹ́ ẹ fi wé ti kọ́lẹ́ẹ̀jì kejì, kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún tí ọ̀pọ̀ wọn ń retí èsì yín.