Ṣáàfù Gé, Ẹ́ńjìnnì Ò Kú: Ọ̀rọ̀ Lórí Bààlú Ogun F-16

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ti gbé ata lọ sí ìdí ẹ̀rọ rí á tètè mọ ohun tí mo ń bọ̀ wá sọ. Ẹ́ńjìnnì ń ké, èéfín ń rú, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ti já, ata ò lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí F-16 nìyẹn bí ṣáàfù tó so ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́ gíábọ́ọ̀sì bá gé. Kì í wọ́pọ̀, àmọ́ ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, kò sí àyè ìrònú gígùn.

Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni F-16 ní láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ fò ní 1974. Gíábọ́ọ̀sì tí ṣáàfù yìí ń yí ló ń yí jẹnẹrétọ̀ àti pọ́ǹpù hydraulic méjèèjì, ìyẹn àwọn tó ń fún ọ́ìlì tó ń ti ìyẹ́ bààlú. Pọ́ǹpù epo ò sí níbẹ̀, ara ẹ́ńjìnnì ni tirẹ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì fi ń dún lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́, tí agbára hydraulic sì ń lọ sílẹ̀.

Ẹ̀rù ibẹ̀ wá nìyí. Kò sí okùn tàbí irin tó so ọwọ́ awakọ̀ mọ́ ìyẹ́ bààlú yìí. Wáyà iná ló ń gbé ohun tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ lọ bá kọ̀ǹpútà, hydraulic ló sì ń ti ìyẹ́. Wọ́n tún mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó má lè dúró déédéé fúnra rẹ̀ lófurufú, kó lè máa yí wéré lójú ìjà. Bí iná àti hydraulic bá lọ pátápátá, kò sí agbára apá tó lè dá a dúró.

Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ẹ̀rọ pàjáwìrì kan sínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní EPU. Fúnra rẹ̀ ló máa ń ta jí, á dá iná padà, á sì gbé ọ̀kan nínú hydraulic méjèèjì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń lò. Bí ìyẹn ò bá tó, á bọ́ sórí hydrazine, epo àkànṣe kan tó wà nípamọ́ fún un, tí kò lè gbé e ju bí ìṣẹ́jú 10 sí 15 lọ. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró wò: ẹ́ńjìnnì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ yẹn ni ọrọ̀ awakọ̀. Bó bá fa agbára rẹ̀ wálẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ á dínkù, hydrazine á sì máa tán. Kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa mí dáadáa, kó sì forí lé pápákọ̀ tó súnmọ́ jù.

Hydraulic kejì ti lọ ní tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pamọ́ ló máa ti táyà jáde. Táyà iwájú ò ní ṣeé darí, agbára bíréèkì sì jẹ́ ìwọ̀nba tó kù nípamọ́: bó bá ń tẹ̀ ẹ́ tó ń tú u, á tán kó tó dúró. Títẹ̀ kan ni, kó má tú u. Ohun tó dára jù ni kó ju ìkọ́ ìdí bààlú sílẹ̀, kí okùn tí wọ́n ta dábùú ojú pápá gbá a mú.

Ẹ̀yin tó ń dúró nílẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má sáré lọ kí i. Májèlé ni hydrazine. Ó ń rùn bí ammonia, ṣùgbọ́n kí imú tó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ti pọ̀ ju ohun tó yẹ kéèyàn fà símú. Apá ọ̀tún bààlú ló ń gbà jáde, nítorí náà apá òsì ni kí wọ́n kọ sí atẹ́gùn, níbi tó jìnnà sí èèyàn. Àwọn tó wọ aṣọ ààbò ni kó kọ́kọ́ súnmọ́ ọn. Kí awakọ̀ náà fi ìbòmú ọ́síjìn rẹ̀ sílẹ̀ lójú títí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.